Ọjọ́ Tí Orí Súkúrù Já ní Okala

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, nígbà tí orí súkúrù já mọ́ mi lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ọgbà náà ní Okala, àdúgbò kan ní Libreville. Èmi wà lórí àkàbà. Ará Kétu, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Màámá, ìyá onílé, jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, àwa méjì ló kù.

Mo pẹ́ kí n tó mọ̀wé. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Ìṣẹ́yìn, tí mo ń ka a, b, d tẹ̀lé olùkọ́ tí mo fi ọdún jù lọ. Nítorí náà n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ìbáà jẹ́ lẹ́nu, ìbáà jẹ́ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bí ilẹ̀kùn bá dún lẹ́yìn mi níbi iṣẹ́, mo ṣì máa ń yára bojú wẹ̀yìn.

Iṣẹ́ mi ní Libreville ni kí n máa gbé kámẹ́rà tó ń ṣọ́lé kọ́ sára ògiri. Lalala ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gba iṣẹ́ wà, Nkembo ni mo ń sùn, nínú yàrá kan. Ẹni tó bá ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa wo ilé rẹ̀ lórí fóònù. Inú àwọn oníbàárà mi máa ń dùn bí àwòrán bá kọ́kọ́ jáde. Tèmi kì í dùn tó tiwọn. Mo mọ bó ṣe rí kí èèyàn máa wo ilé rẹ̀ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti wo ìsìnkú Ìyá Sàkínà, ìyàwó mi. Ó kú láàárọ̀, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àbúrò rẹ̀ ló di fóònù mú fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ilẹ̀ ni mo sì rí jù: ilẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, etí agbádá ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀, àwòrán dúró gbagidi. Nígbà tó fi máa padà yí, wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Màdáámù tó ni ilé Okala ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ara ìyá rẹ̀ le, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí géètì, Màámá á dìde, á máa lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gba Ará Kétu sẹ́nu ọ̀nà, nítorí èyí náà ni kámẹ́rà ṣe wà lára ògiri ilé, tó dojú kọ géètì. Kámẹ́rà náà ló kú. Afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí irin pẹ́ ní ìlú yìí. Èmi ni wọ́n pè pé kí n yọ ọ́, kí n fi tuntun síbẹ̀.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ará Kétu ṣí géètì fún mi, mo gbé àkàbà mi wọlé. Mo fi í ti ògiri, mo gùn ún díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Mo pariwo pé, "Ará Kétu, sáré wá bá mi di nǹkan yìí mú!"

Àgádágodo géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó fi í kọ́ ibẹ̀ láì tì í, ó sáré wá. Mo rí i pé kò tì í. Mo rò ó lọ́kàn mi pé, iṣẹ́ kékeré ni, a máa tó parí.

Mo tún ní kí ó pa iná ilé, nítorí wáyà gba ẹ̀yìn apá irin tó gbé kámẹ́rà dúró. Súkúrù mẹ́ta ló di apá irin yẹn mọ́ ògiri. Méjì jáde wẹ́rẹ́. Ìkẹta, tó wà nísàlẹ̀, kọ̀. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ ti dán, sukudiráfà kàn ń yọ̀ nínú rẹ̀. Mo gé rọ́bà táyà pẹlẹbẹ kan, mo fi í sáàárín sukudiráfà àti ojú súkúrù kí ó lè gbá a mú. Kò yí. Mo kán epo òyìnbó sí i, mo dúró, mo fi òòlù kan orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò yí.

Ará Kétu ń wo òkè. Nàgó ni, láti òdìkejì ẹnubodè wa. Yorùbá tirẹ̀ àti tèmi jẹ́ ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà kọ́ ni wọ́n ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ kì í sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Súkúrù yìí ti gba káàdì. Kò ní kúrò ní Gàbọ́ọ̀nù mọ́."

"Di àkàbà mú."

"Mo dì í mú. Káàdì rẹ̀ tiẹ̀ lágbára ju tèmi lọ. Tèmi máa parí lẹ́yìn ọdún iléyá."

Mo rẹ́rìn-ín. Káàdì tó ń sọ ni káàdì ìgbélùú. Bí ọlọ́pàá bá dá takisí dúró, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ irú wa. Kò sí àlejò ní ìlú yìí tí kì í fọwọ́ kan àpò rẹ̀ kí ó tó jáde nílé.

Mo mú ayùn irin, mo la ojú tuntun sórí súkúrù náà kí sukudiráfà pẹlẹbẹ lè wọ̀ ọ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò mi. N kò dá a lóhùn, ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹ̀mú gbá ọrùn sukudiráfà mú, mo fi gbogbo ara yí i. Ó dún tọ́, bí eegun ẹran. Orí súkúrù bọ́ sí ẹsẹ̀ Ará Kétu.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó wò ó. "Orí ti kúrò," ó ní, "ara ṣì ń jókòó síbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni!"

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yíjú. Mo rí i tí ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Àga wà lábẹ́ máńgòrò. Bàtà Màámá wà lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tò wọ́n dáadáa. Géètì ṣí sílẹ̀ níwọ̀n tí ara tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà kọjá.

*

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Libreville kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo gba yàrá sí Nkembo, mo jí láàárọ̀, mo bọ́ síta láti kí àwọn ará ilé. Nílé wa, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó ń jẹun ní tirẹ̀, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ti odò dé, ẹni tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Níbí, bọ̀ǹjúù kan ṣoṣo ni fún gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ó tán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ takisí tún wà níbẹ̀. Ìwọ lo máa pariwo ibi tí ò ń lọ àti iye tí wàá san. Bó bá wu awakọ̀, á fọn fèrè ọkọ̀, ìyẹn ni pé kí o wọlé. Bí kò bá wù ú, á lọ láì wojú rẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo rò pé gbogbo wọn ló ń bínú sí mi. Ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ fọn fèrè fún mi, mo pe Sàkínà ọmọ mi nílé láti sọ fún un. Ó bi mí pé kí ló wà nínú fèrè.

Ní ìlú tí wọn kì í ti í kíni púpọ̀, èèyàn lè kọjá ní iwájú ogún ilé kí ẹnikẹ́ni má bi í pé níbo ló ń lọ. Ohun tí mo rò nìyẹn bí mo ṣe dúró lẹ́nu géètì ní Okala, tí n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni kí n gbà tàbí ọwọ́ òsì.

Ará Kétu sáré gba ọ̀tún. Mo gba òsì. Ilé ń pọ̀ sí i ní Okala, ṣùgbọ́n igbó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, odò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí òjò àárọ̀ ti mú kún. Mo ń gbọ́ ìró omi náà. Mo fẹ́ pe Màámá, mo wá rí i pé n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń pariwo, "Màámá! Màámá!" Obìnrin mẹ́ta bojú wo ìta láti ilé mẹ́ta, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

Mo dé etí odò. Omi náà pupa, ó ń sáré. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá màá rí ẹsẹ̀ ènìyàn nínú ẹrẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ló jọ ti arúgbó lójú mi.

Nígbà tí mo padà dé ilé, Ará Kétu ti dé. Kò rí i. Takisí sì dúró, Màdáámù bọ́ sílẹ̀. Òun ló ti ń pè mí lórí fóònù. Bí iná ṣe kú, gbogbo kámẹ́rà yòókù nínú ilé ti ṣókùnkùn lójú rẹ̀ lọ́fíìsì, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Ó wo àga. Ó wo bàtà.

"Mùsíyé, ìyá mi dà?"

Èmi náà kò mọ ìgbà tí ara mi ṣe é. Mo ti wà nílẹ̀ gbalaja kí n tó ronú, àyà mi nínú ẹrẹ̀, iwájú orí mi nílẹ̀.

*

Ẹ̀yin tó ń ka èyí mọ ohun tí mo ṣe. Ìyá ènìyàn sọnù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró ṣánṣán kí n máa wo ojú rẹ̀? Àgbà máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé bí ọ̀rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ń sọ pé: mo rí ohun tó dé bá ọ, mo wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ní Ìṣẹ́yìn ì bá ti sọ pé, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá a."

Màdáámù fọwọ́ lérí, ó sì ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí nípa ìyàwó mi. Ó rò pé mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó rò pé mo mọ bó ṣe kú.

Àwọn aládùúgbò rọ́ wọlé. Ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣòkòtò péńpé fà mí dìde ní ọrùn ẹ̀wù.

"Kí ló dé tó fi wà nílẹ̀?" ó ń bi gbogbo èèyàn. "Kí ló fi ìyá àgbà ṣe?"

"Ó pa iná," Màdáámù ń sọ, ó ń sunkún. "Ó pa kámẹ́rà. Ó pe ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè é, kò gbé e. Mo dé, ó dùbúlẹ̀ níwájú mi."

Bó ṣe ń tò ó, mo gbọ́ ọ bí ará ìta ṣe máa gbọ́ ọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Súkúrù ni. Súkúrù kò jáde." Faransé mi kò pọ̀, ẹ̀rù sì ti gbé díẹ̀ tí mo ní lọ.

Ọkùnrin náà wo òkè ògiri, ó wò mí. "Súkúrù," ó ní. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín rere.

Ará Kétu dá sí i. "Màdáámù, bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn nílùú wa. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń bẹ̀ yín ni."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í bẹ̀bẹ̀!" ọkùnrin náà dáhùn.

Àwọn yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n mú káàdì mi wá. Mo mú un wá. Ó fi í fún Màdáámù, ó ní bí ilẹ̀ bá fi ṣú tí wọn kò rí ìyá, àwọn máa pe ọlọ́pàá. Àwọn ọkùnrin kan lọ síbi odò, wọ́n mú ọ̀pá lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá ṣe. Wọ́n fẹ́ fi wádìí ìsàlẹ̀ omi.

Wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Mo rò ó pé wọ́n á tì mí mọ́lé níbi tí n kò ti lè fi èdè wọn gba ara mi sílẹ̀. Mo rò ó pé Sàkínà á máa pe fóònù tí kò ní dún mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni bàtà yẹn lábẹ́ àga. N kò lè yọ ojú mi kúrò lára rẹ̀. Màámá tò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí.

Fóònù mi dún. Sàkínà ni. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tiwa.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ooo."

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

"Ohùn yín ò dáa."

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

"Bàbá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í jẹ́ kí èèyàn máa mí báyìí."

Ọkùnrin ṣòkòtò péńpé ń wò mí. Mo ní, "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ mi. Màá pè ọ́."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kí Àlájì o."

Bó ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ará ìlú wa ni Àlájì, ó ti pẹ́ ní Libreville ju gbogbo wa lọ, ó ń ta páànù àti símẹ́ǹtì ní oríta Okala. N kò rántí rẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ti jẹ́ kí n gbàgbé pé mo ní èèyàn.

Mo pè é. Mo sọ ọ́ ní ṣókí.

"Bàbá Sàkínà, o sì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí o tó pè mí?"

"Àlájì, ẹ má bínú."

"Fún ẹni tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀! Ṣé àwọn náà máa rò pé o ń wá owó nílẹ̀ ni? Ó dáa. Báwo ni arúgbó náà ṣe rí?"

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Aṣọ búlúù. Kò wọ bàtà."

"Kò wọ bàtà?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Jókòó síbẹ̀. Má sá o. Bí o bá sá, o ti kú."

Èèyàn wa pọ̀ lójú títì yẹn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹni tó ń ta káàdì fóònù, ẹni tó ń ta aṣọ òkìrìkà. Gbogbo wọn ló máa ń gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ìlú máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú wa kì í kúrò lójú títì. Àlájì pe ẹnì kan, ẹni yẹn pe ẹlòmíràn.

Èmi jókòó. Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin láti ibi odò, wọ́n ń pe ara wọn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá pariwo, mo máa ń yíjú sí ọ̀nà odò. Màdáámù jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Kò wò mí. Káàdì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ láì mọ̀.

Àsìkò kíkí ìrun Àsàrì ti fẹ́ kọjá. N kò dìde. Mo kí i bí mo ṣe jókòó, nínú ọkàn mi, ẹrẹ̀ lára mi. Mo ní, Ọlọ́run, má jẹ́ kí ó jẹ́ omi.

Fóònù dún.

"Bàbá Sàkínà, dìde," Àlájì ní. "Ìyá Ràṣídà oníbúrẹ́dì ní ìyá kan wà lọ́dọ̀ òun."

*

Ọkùnrin ṣòkòtò péńpé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Màdáámù wà níwájú. Èmi wà lẹ́yìn, Ará Kétu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ẹni tó gbà pé Màámá ni. Èmi pàápàá kò gbà. Ìyá aláṣọ búlúù pọ̀ ní Libreville.

Ìyá Ràṣídà ń ta búrẹ́dì àti wàrà alágolo lójú títì, ó jìnnà sí ilé náà ju bí mo ṣe rò pé arúgbó lè rìn. Ọkọ̀ dúró. A rí i.

Màámá jókòó sórí àga Ìyá Ràṣídà fúnra rẹ̀. Ìyá Ràṣídà wà lórí eékún níwájú rẹ̀, obìnrin tó sanra, aláriwo, tó máa ń bú àwọn awakọ̀ takisí. Abọ́ omi wà nílẹ̀. Ó ti fọ ẹrẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ kan, ó ń fọ ìkejì. Bó ṣe rí wa, kò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi fún Màámá, orí eékún náà ló wà, ó dúró títí ó fi mu ún tán.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ màámá àgbà lójú títì," ó ń sọ fún mi ní Yorùbá. "Mo ní, bọ̀ǹjúù Màámá, ẹ kú ìrìn. Kò gbọ́ mi. Mo ní, ẹ kú ẹsẹ̀ lásán nínú oòrùn o! Ó dúró, ó wò mí. Mo fà á wọlé. Ṣé màá jẹ́ kí ìyá ẹni kọjá báyìí ni? Ta ló ni ín? Kí ó wá gba èébú tirẹ̀!"

Màdáámù kò gbọ́ èdè náà. Ó kọ́kọ́ sáré dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó pẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Ràṣídà ṣì wà nílẹ̀, ó ń fi bàtà ara rẹ̀ wọ Màámá lẹ́sẹ̀. Màdáámù wò ó lórí eékún. Ó wo eékún náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wo àyà mi níbi tí ẹrẹ̀ ti gbẹ.

Ó na káàdì mi sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Màámá ń sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀. Mo bi Màdáámù pé kí ló ń wí.

"Ó ní òun ń lọ sílé," ó ní. "Abúlé rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Igbó ti bò ó."

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo padà sí Nkembo, mo wẹ̀. Mo pe Sàkínà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ ò sọ irú èyí fún mi rí. Ó dáa, ó dáa ni ẹ máa ń sọ." Mo ní kí ó má bínú. Ó ní òun kò bínú, kí n ṣáà máa sọ ọ́.

Mo rò ó pé n kò ní padà sí Okala mọ́. Mo rò ó títí oorun fi gbé mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí ìrun Àsùbáà, mo mú ẹ̀mú ńlá, òòlù, epo òyìnbó, gíríìsì àti súkúrù tuntun, mo sì lọ. Awakọ̀ kẹta ló fọn fèrè. Ará Kétu ṣí géètì. Mo wọlé, mo gba àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í fúnra mi, mo fà á wò.

Màámá wà lábẹ́ máńgòrò. Bàtà Ìyá Ràṣídà ló wọ̀, ó tóbi jù fún un. Màdáámù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò tíì lọ síbi iṣẹ́. Àmì ara mi ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí ní àná. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màámá, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìyá mi láàárọ̀.

Màdáámù kò pariwo. Màámá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, ó sọ nǹkan kan. N kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo gun àkàbà. Níwọ̀n bí orí súkúrù ti já, apá irin náà tú wọ́ọ́rọ́wọ́, kùkùté súkúrù náà sì yọ síta díẹ̀ lára ògiri. Mo kán epo sí i, mo dúró, mo kàn án lóòlù yíká. Mo fi ẹ̀mú gbá a mú. N kò fi gbogbo ara yí i mọ́. Mo tì í síwájú díẹ̀, mo fà á sẹ́yìn díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, títí ó fi ké. Ó yí. Ó jáde.

Mo jù ú sílẹ̀ fún Ará Kétu. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lé e kúrò nílùú," ó ní.

N kò rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan àpò mi, káàdì mi wà níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, Màámá wà lórí àga. Mo mú súkúrù tuntun, mo fi gíríìsì ra á lára yíká kí n tó yí i wọ inú ògiri, kí ó lè jáde wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ.